Ọ̀kẹ́ Mẹ́rìnlá Máìlì

Láti ṣẹ́kọ́ǹdì sí tọ́ọ̀dì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.
Ọkọ̀ á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni ń ro nǹkan,
á wá ta mí nípàá látẹ̀yìn, gbì!
Etí mi ti mọ ohun tó kàn:
ẹyin ń fọ́ nínú kíréètì.
Lánàá, láàrin Mọ́níyà sí Ọjọ́ọ̀, mẹ́tàdínlógún.
Mo kà wọ́n. Mo dín èyí tó ṣeé dín.
Àrínọlá ọmọ mi ní òun ò fẹ́ gbóòórùn ẹyin mọ́.

Ráṣáàkì fa ọ̀pá òróró jíà jáde,
ó nù ún sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e símú
bí ẹni ń yẹ ọbẹ̀ àná wò.
"Ìyá Àrínọlá, epo yìí ti jóná."
Àwọ̀ rẹ̀ dàbí omi àgbo tí wọ́n sè lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ká tú jíà, ká pààrọ̀ àwọn àwo kọ́lọ́ọ̀ṣì àti rọ́bà inú rẹ̀:
owó rẹ̀ tó ìdajì iye tí mo ra ọkọ̀.
Tàbí ká lọ sí Arárọ̀mí lọ ra tòkunbọ̀,
jíà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó wà á,
tí ẹni tó ń tà á yóò máa gbá àyà, "Ó mọ́, màmá, ó mọ́!"
Tàbí kí n tà á báyìí, fún àwọn tó ń gé irin.

Àbúrò mi Adégbìtẹ́ pè láti Ṣakí, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá máìlì! Ṣé wọ́n ń ra eyín tuntun
fún arúgbó tí kò rí ẹran jẹ ni?"

Mẹ́jọ ló bá dé láti òkè òkun. Mẹ́fà tó kù, èmi ni.
Àgbàdo láti Òkè-Ògùn, ìyẹn ni.
Òru tí àrùn wọ ilé adìyẹ,
òkú igba adìyẹ ni mo fi í kó,
kò kọ́, kò họ.
Òótọ́ ni, ilẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún ti jẹrà, páànù ni mo fi bò ó;
bí òjò bá rọ̀, omi ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀.

Kàmọ́rù ọmọ iṣẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó bọ́ àwo ìsàlẹ̀ jíà,
wọ́n yọ òòfà inú rẹ̀.
Ráṣáàkì ní, "Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun, ọjọ́ orí ni.
Bó bá jẹ́ èérún, irin ti ń jẹ irin nìyẹn."
Ìyẹ̀fun ni, dúdú, ó kúnná bí tìróò.
Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín.
Ó wá fi èékánná tú u wò. Èérún kan,
kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ó ń dán.
Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.
"Ẹyọ kan ni," ó ní.
Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dì í sétí ìró mi.
Tòkunbọ̀ lè dáa. Ó sì lè kú lọ́jọ́ kẹta,
kí ẹni tó tà á ní òun ò mọ̀ mí rí.
Èyí, mo mọ ibi tó ti ń dùn ún.
Kì í ṣe ìfẹ́, ẹ má fi orúkọ dídùn pè é.
Mo ṣírò ẹyin: oṣù mẹ́rin, owó á padà,
bí oúnjẹ adìyẹ ò bá tún gbówó lórí.
Yóò gbówó lórí.

"Tú u," mo ní. "Ṣùgbọ́n níṣojú mi.
Ohunkóhun tí o bá yọ, tò ó sórí tapólì kí n rí i."

Mo fa kíréètì kan sílẹ̀ fún Kàmọ́rù.
Ó kà á: ọgbọ̀n, mẹ́rin ti sán.
"Màmá, èyí tó ti sán ńkọ́?"
Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ ìyẹn.